Àwọn Lẹ́tà Dáníẹ́lì Tó Dé Lẹ́yìn Wáyà

Aago mẹ́ta ku ogún ìṣẹ́jú ní ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ kan, nígbà ọyẹ́, ni ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Wákàtí náà dá mi lójú nítorí pé àwọn tó ń ti ìrun Jímọ̀ bọ̀ ṣì ń kọjá níwájú ilé wa lẹ́bàá Ọjà Tuntun, tí wọ́n ká ẹní wọn há abíyá, agogo ara ògiri pálọ̀ sì wà níwájú mi gan-an. Bàbá wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ti GRA dé ni, níbi tó ti ń ṣe akọ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba. Bí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ bá ti dún lẹ́nu ọ̀nà, èmi ni mo máa ń sáré lọ gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀. Màá kúnlẹ̀, màá ní, "Ẹ káàbọ̀, sà," màá gbé báàgì náà sórí tábìlì, màá sì kó ohun inú rẹ̀ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan: abọ́ oúnjẹ rẹ̀, ìwé ìròyìn, awò ojú rẹ̀, àti lẹ́tà, bí lẹ́tà bá wà. Àpótí tó wà lórúkọ Bàbá ní pósófíìsì ni gbogbo ará ilé fi ń gba lẹ́tà. Lọ́jọ́ náà mo fa àpòòwé kan jáde, etí rẹ̀ ní ilà pupa àti ilà aró, ìkọ̀wé ara rẹ̀ sì fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ọkà bàbà tí afẹ́fẹ́ ń tì. Mo mọ ìkọ̀wé yẹn. Gbogbo ilé ló mọ̀ ọ́n. Ìkọ̀wé Dáníẹ́lì ni, àbúrò Mísì Rúùtù, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń jagun ní Fiẹtinámù. Ohun tó mú kí ọwọ́ mi dúró lókè ni pé Dáníẹ́lì ti kú. Ọjọ́ mọ́kànlá ṣáájú ni wáyà ti dé pé ó kú, a sì ti sunkún rẹ̀ tán.

Mo fẹ́ ṣàlàyé bó ṣe rí lára mi, torí ẹ̀rù máa ń bà mí pé bí mi ò bá ṣàlàyé dáadáa, ẹni tó ń kà á yóò rò pé ọmọdé kan ló kàn ń fòyà. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà náà lóòótọ́, àyà mi sì já. Ṣùgbọ́n inú mi tún dùn díẹ̀, ìyẹn gan-an ló sì ń dà mí láàmú títí di òní. Inú mi dùn nítorí pé mo fẹ́ràn lẹ́tà Dáníẹ́lì ju ohunkóhun tó ń ti inú báàgì yẹn jáde lọ. Lẹ́yìn náà ni ojú wá tì mí pé lẹ́tà òkú ni inú mi ń dùn sí. Mo ti jáde yunifásítì báyìí, wọ́n sì ti kọ́ mi ní orúkọ oríṣiríṣi tí wọ́n fi ń pe ìmọ̀lára ẹ̀dá, síbẹ̀ mi ò tíì rí orúkọ kan fún èyí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí Mísì Rúùtù jẹ́. Ó wá láti Amẹ́ríkà wá kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì kan nígboro Ìlọrin. Wọ́n fún un ní ilé ní GRA, níbi tí ilé kan ti jìnnà sí èkejì, tí èèyàn kì í gbọ́ ju ìró mọ́tò lọ, ó ní rárá, àárín èèyàn ni òun fẹ́ gbé kí òun lè gbọ́ Yorùbá. Bó ṣe gba yàrá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa nínú agbo ilé Alhaja nìyẹn. Alhaja ló ni ilé, ọmọ Ìlọrin ni. Àwa ní tiwa jẹ́ onígbàgbọ́ láti Ọ̀mù-Àrán, yàrá mẹ́ta la háyà lẹ́yìn. Ilé yẹn kì í dákẹ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́ làwọn ọmọ kéú ti ń pariwo wàláà wọn lójúlé kejì, kí wọ́n tó dákẹ́ ni ọmọ odó Màmá yóò gbà á, kí odó tó dákẹ́ làwọn obìnrin Fúlàní yóò ti máa polówó wàrà lẹ́nu géètì. Mísì Rúùtù fẹ́ràn wàrà tó bẹ́ẹ̀ tí Ìyá Àgbà, ìyá tó bí Bàbá wa, fi sọ ọ́ ní Ọmọ Màlúù. Òyìnbó náà kò mọ̀ pé a kì í bá àgbà sọ̀rọ̀ bí ẹgbẹ́ ẹni.

"Ìyá Àgbà, ṣé o jí dáadáa?" ni yóò kí i láràárọ̀.

"Mo jí, ọ̀rẹ́ mi," ni Ìyá Àgbà yóò dáhùn. "Èmi pẹ̀lú rẹ la jọ ṣeré lábẹ́ igi ní Ọ̀mù."

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn iyán, la máa ń ka lẹ́tà Dáníẹ́lì. Mísì Rúùtù yóò kà á ní gẹ̀ẹ́sì, Bàbá yóò túmọ̀ rẹ̀ fún Ìyá Àgbà, Màmá yóò máa ṣa ẹ̀fọ́ lọ, èmi yóò jókòó sílẹ̀ nítòsí ẹsẹ̀ àga. A retí kí ó máa ròyìn ìbọn, ṣùgbọ́n òjò ló ń ròyìn. Ó ní bàtà òun kò gbẹ láti ìgbà tí òun ti dé. Ó ní ajá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan wà ní àgọ́ wọn tó ń sùn sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì òun. Ó ń bèèrè orúnkún ìyá wọn tó ń dun ìyẹn nílé, ó ń bèèrè bóyá àwọn ará ilé ti ta mọ́tò àtijọ́ tí òun fi kọ́ ọkọ̀ wíwà. Nǹkan kékeré báyìí ló ń kọ, a sì ń gbọ́ ọ bí ẹni pé aládùúgbò wa ló rìnrìn àjò.

"Ṣé bí wọ́n ṣe ń kọ̀wé lọ́dọ̀ wọn nìyí?" Ìyá Àgbà bi Bàbá lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ. "Kò bèèrè àlàáfíà ẹnikẹ́ni, bàtà ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn."

"Ìyá, ṣé kí n sọ bẹ́ẹ̀ fún Mísì?"

"Sọ fún un. Ní kó kọ́kọ́ máa kí èèyàn. Ẹran inú agolo tó ní òun ń jẹ yẹn náà, ní kó bèèrè orúkọ ẹran náà kó tó gbé e mì."

Mísì Rúùtù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì kọ gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, èsì dé. Dáníẹ́lì fi ààbọ̀ ojú ewé kí Ìyá Àgbà: ó kí i, ó kí ilé, ó kí ewúrẹ́, ó kí òjò, ó ní wọn kò tíì fẹ́ sọ orúkọ ẹran náà fún òun. Ìyá Àgbà pàtẹ́wọ́. "Ó ti di ọmọ," ló wí. Láti ọjọ́ náà ló ti ń ní ìpín tirẹ̀ nínú gbogbo lẹ́tà. Dáníẹ́lì inú ihò kìnnìún ló ń pè é, yóò sì ní, "Ẹni tó yọ ti àkọ́kọ́, á yọ ìwọ náà." Nígbà yẹn, mo rò pé eré ni. Ó yé mi báyìí. Ogun tiwa náà ń jà lọ́wọ́ ní ìlà-oòrùn, Bọ̀dá Délé, àbíkẹ́yìn Ìyá Àgbà, sì ti bá àwọn ọmọ ogun lọ. Ó mọ̀wé dáadáa, ṣùgbọ́n oṣù ń gorí oṣù, kò kọ lẹ́tà kan ṣoṣo. Ní ìrọ̀lẹ́, Ìyá Àgbà a gbé àga sídìí rédíò, a máa tẹ́tí sí gẹ̀ẹ́sì tí kò gbọ́, bóyá orúkọ Délé á jẹ jáde. Bí a kò bá rí àdán, à á fi òòbẹ̀ ṣẹbọ: lẹ́tà ọmọ ọlọ́mọ ló fi ń pa òùngbẹ lẹ́tà ọmọ tirẹ̀.

Ọjọ́ Ajé ni wáyà dé. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ Mísì ló fi mọ́tò gbé e wá láàárọ̀, ó dúró, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn bí ẹni tó ṣẹ̀. Mísì Rúùtù kà á, kò sunkún. Ó ní kí Màmá bá òun mú ìgbálẹ̀, ó sì gbá gbogbo agbo ilé, láti ẹ̀yìnkùlé dé iwájú yàrá Alhaja, ó tún padà gbá ibi tó ti gbá. Ìró ìgbálẹ̀ náà nìkan ló ń dún. Ìyá Àgbà ló lọ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, Ìyá Àgbà náà ló sunkún. Alhaja wá jókòó, ó ń fi tẹ̀súbáà rẹ̀ ṣàdúrà sínú. Ìyá Àgbà ní kí Bàbá kọ orúkọ Dáníẹ́lì àti ọjọ́ ikú rẹ̀ sẹ́yìn Bíbélì ńlá, níbi tá a ń kọ ìbí àti ikú àwọn ará ilé sí, Bàbá sì kọ ọ́.

Ọjọ́ kẹrin sí i, ní ọ̀sán gangan, Ìyá Àgbà ń sá èlùbọ́ sórí ẹní lágbàlá, èmi ń ṣa ẹ̀wà lórí àtẹ̀gùn. Ọyẹ́ ti mú kí oòrùn funfun bí àwo, ara èèyàn kò ní òjìji. Ìyá Àgbà gbójú sókè lójijì bí ẹni tí wọ́n pè, ó wo ẹnu géètì. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Kò dáhùn, torí wọ́n ti kọ́ wa pé a kì í jẹ́ ìpè tí a kò rí ẹni tó pe ni. Ó kàn yíjú sí mi.

"Àjọkẹ́, o gbọ́?"

Mo ní mo gbọ́. Ẹ dákun, ẹ má bínú sí mi lórí èyí. Mo ti rò ó títí, mi ò mọ̀ bóyá mo gbọ́ nǹkan kan ní tòótọ́, àbí ojú tó fi wò mí ló mú kí n gbọ́ ọ lẹ́yìn tó ti bèèrè.

Èyí ló wà nínú ọkàn wa ní ọjọ́ Jímọ̀ tí mo fa lẹ́tà yẹn jáde. Bàbá gbà á lọ́wọ́ mi, ó jókòó, kò tíì bọ́ bàtà. Ó pè mí súnmọ́ ọ̀dọ̀ rẹ̀. "Gbọ́, ọmọ mi. Wáyà a máa fò, lẹ́tà a máa fẹsẹ̀ rìn. Ó ti kọ èyí kó tó kú. Kò sí nǹkan míì níbẹ̀." Ó yé mi. Ó yé gbogbo wa. Ṣùgbọ́n Bàbá tó sọ pé kò sí nǹkan míì níbẹ̀ kò jẹ́ kí n gbé e lọ fún Mísì bí iṣẹ́ mi. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé e lọ, ó sì fi ìka méjì péré dì í mú. Nígbà tí Mísì Rúùtù fi ọ̀bẹ la etí àpòòwé náà, erùpẹ̀ dà sórí aṣọ tábìlì. Erùpẹ̀ pupa ni, kíkúnná, bíi ti ilẹ̀ Ìlọrin gan-an. Kò sí ẹni tó nù ún. Ó kà á, Bàbá túmọ̀ rẹ̀, ohùn Bàbá sì ń rẹlẹ̀ bó ṣe ń lọ. Dáníẹ́lì ní kí wọ́n sọ fún Ìyá Àgbà pé òun lálàá ilé wa. Ó ní òun dúró lẹ́nu géètì, obìnrin àgbà kan ń sá nǹkan funfun sínú oòrùn, òun pè é, ó gbójú sókè wo òun, kò sì dá òun lóhùn.

Ìyá Àgbà dìde, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Mo mọ ohun tí ẹ óò sọ: Mísì ti máa ń kọ̀wé sí i nípa agbo ilé wa, bóyá ó ti ròyìn èlùbọ́ fún un rí. Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀ fún ara mi. Mo ṣì ń sọ ọ́.

Láti ọjọ́ náà ni Mísì Rúùtù ti bẹ̀rẹ̀ sí í fèsì. Ẹni tó ti ka wáyà, tó mọ̀ pé àbúrò òun ti kú, jókòó, ó kọ lẹ́tà sí i, ó lẹ̀ ẹ́ pa, ó gbé e fún Bàbá pé kó bá òun fi ránṣẹ́. Bàbá kò lè sọ pé rárá, kò sì lè fi í ránṣẹ́. Mo mọ̀ nítorí pé èmi ni mò ń tú báàgì. Lójoojúmọ́ ni mò ń kó wọn jáde pẹ̀lú abọ́ oúnjẹ, ọ̀kan, lẹ́yìn náà méjì, lẹ́yìn náà mẹ́ta, tí orúkọ Dáníẹ́lì wà lára wọn. "Dá wọn padà síbẹ̀," ni Bàbá máa ń wí láì wo ojú mi. Lẹ́tà kejì òkú dé láàárín ìgbà náà. Dáníẹ́lì ní wọn yóò fún òun ní ìsinmi, òun yóò sì wá sí Ìlọrin kí òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀. Ó ní kí wọ́n má ti ilẹ̀kùn mọ́ òun. Mísì Rúùtù kò ti ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ lọ́sàn-án. Ó gbé àga kan sẹ́nu ọ̀nà, ó dojú rẹ̀ kọ géètì, kò sì jókòó lórí rẹ̀. Orí bẹ́ẹ̀dì ló ń jókòó sí, ó ń wo àga náà. Ọyẹ́ le lọ́dún yẹn. Bí èèyàn bá ń ti títì bọ̀, orí àti èjìká rẹ̀ nìkan la ó kọ́kọ́ rí, bí ẹni tí kò ní ẹsẹ̀, mo sì ń di ẹnu mi mú nígbàkigbà tí ẹnì kan bá ń yọ bọ̀ bẹ́ẹ̀. Wàrà ń kan nínú àwo rẹ̀, kò fọwọ́ kàn án. Nígbà míì, bí mo bá ń kọjá, mo ń gbọ́ tó ń rẹ́rìn-ín bí ìgbà tí ẹnì kan sọ̀rọ̀ apanilẹ́rìn-ín tán.

Ẹ̀rù ba Ìyá Àgbà. Mo gbọ́ nígbà tó ń sọ ọ́ fún Alhaja lábẹ́ igi máńgòrò. Ó ní ọkùnrin kan wà lágbègbè àwọn ní Ọ̀mù, tó ń ta aṣọ, ó kú, wọ́n sin ín. Kò pẹ́, àwọn oníṣòwò pàdé rẹ̀ ní Kùmásì, ó ti láya síbẹ̀, ó sì rán wọn sí ìyàwó rẹ̀ nílé pé kó fi fìlà òun ránṣẹ́. Àkúdàáyà ni. Ìyàwó fi fìlà ránṣẹ́. Kí oṣù náà tó parí, ìyàwó kú.

"Kì í ṣe ìpè ló pa á," Ìyá Àgbà wí. "Èsì tó fún un ló pa á. Èsì ni okùn."

"Ìyá Ọ̀mù, ẹ bá mi gba ìwé yẹn lọ́wọ́ rẹ̀," Alhaja dá a lóhùn. "Alfa yóò fi omi wẹ̀ ẹ́ bí wọ́n ṣe ń wẹ wàláà tí wọ́n sì ń mu omi rẹ̀. Ohun tí wọ́n bá fi tàdáà kọ, omi ló ń gbà á."

"Ta ni yóò wá mu omi náà?"

"Hẹn-ẹn. Ẹ mú mi níbẹ̀ yẹn."

"Ṣé ẹ̀yin lẹ óò mu ún?"

"Èmi kẹ̀! Èmi tí mi ò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì. Tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ nínú mi ńkọ́?"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, wọ́n fọwọ́ gbá itan. Lẹ́yìn náà, wọ́n dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìgbà tí wọ́n pa iná, wọ́n sì wo ẹnu ọ̀nà Mísì Rúùtù. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni Ìyá Àgbà pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ odù omi. Ó ní lẹ́tà tó bá tún dé, mi ò gbọ́dọ̀ gbé e fún Mísì, mi ò gbọ́dọ̀ fi han Bàbá, kí n gbé e wá fún òun. Mo bèèrè ìdí. "Òkú ti mọ ọ̀nà ilé yìí," ló wí. "Ọmọbìnrin yẹn fẹ́ bá a lọ. Délé sì wà lójú ogun, Àjọkẹ́. Èèyàn kì í ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún òkú kan ṣoṣo."

Lẹ́tà kẹta dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ó nípọn ju gbogbo àwọn tó ṣáájú lọ. Bàbá ń kánjú lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó ní, "Lẹ́tà Mísì wà níbẹ̀ o, fún un." Mo gbé e sábẹ́ aṣọ mi. Láti pálọ̀ dé yàrá Ìyá Àgbà kò ju ẹsẹ̀ bàtà ogún lọ, ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ kọjá níwájú ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ yẹn, níwájú àga yẹn, Mísì Rúùtù sì gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi. Ìyá Àgbà kò fi ọwọ́ lásán kàn án. Ó tẹ́ etí ìró rẹ̀, mo ju lẹ́tà náà sí i, ó dì í, ó gbé e sínú àpótí aṣọ rẹ̀ láàárín kanfọ̀. Nígbà tí Bàbá jáde wá, ó ní, "O ti fún un?" Mo ní, "Mo ti fún un, sà." Kò tún bèèrè mọ́ láé. Mo rò pé òun náà kò fẹ́ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

"Àjọkẹ́, lẹ́tà?" ni Mísì Rúùtù ń bi mí lójoojúmọ́ lẹ́yìn ìyẹn.

"Kò sí, Mísì."

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé kò rọrùn fún mi. Mi ò lè jẹun dáadáa, mo ń lálàá pé àpótí náà ń sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ kejì, èyí tó burú jù fún mi: ohun tí Ìyá Àgbà ṣe yẹn ṣiṣẹ́. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ti kọjá tí lẹ́tà kò dé, Mísì Rúùtù jáde lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó gbé àga kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ó jókòó lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá, ó sunkún. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Ó ké títí ohùn fi há. Lọ́jọ́ kejì, ó ra wàrà, ó jẹ ẹ́ tán. Kò tún kọ̀wé sí òkú mọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, ó múra, ó ń padà sí Amẹ́ríkà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Nídìí mọ́tò, ó gbá orí mi mọ́ àyà rẹ̀. "Àjọkẹ́, o ṣeun," ló wí. "Ìwọ lò ń gbé Dáníẹ́lì wá fún mi." Mo la ẹnu láti sọ̀rọ̀. Ọwọ́ Ìyá Àgbà ti wà léjìká mi, kò tẹ̀ mí, ó kàn wà níbẹ̀.

Bọ̀dá Délé padà wálé lẹ́yìn tí ogun parí. Ó gbẹ, kò sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì pé. Bí ó ṣe wọ agbo ilé, tí gbogbo èèyàn ń pariwo, Ìyá Àgbà wo mí láàárín èrò. "Ṣé o rí i?" ló wí, ẹ̀ẹ̀kan péré.

Ìyá Àgbà fi ayé sílẹ̀ lọ́dún yìí, kò pẹ́ lẹ́yìn tí mo ṣe ìdánwò àṣekágbá mi. Nígbà tí àwọn ọmọ ń pín aṣọ rẹ̀, mo ní kí wọ́n fún mi ní àpótí náà. Lẹ́tà yẹn wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ó ṣì lẹ̀ pa, ó ń rùn kanfọ̀. Mo gbé e sójú fèrèsé, mo sì rí ohun tí mi ò wò nígbà tí mo jẹ́ ọmọdé: òǹtẹ̀ pósófíìsì àwọn ológun, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Mo lọ ṣí Bíbélì ńlá. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún lẹ́yìn ọjọ́ ikú tí Bàbá kọ síbẹ̀ ni wọ́n tẹ òǹtẹ̀ náà. Mo tún un kà. Mo fi ìka kà á, mo fi kàlẹ́ńdà kà á. Mo mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí lẹ́tà wà nílẹ̀ kí wọ́n tó tẹ òǹtẹ̀ lù ú. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ rí i nínú ẹrù rẹ̀, kó bá a fi ránṣẹ́. Mo fi han Bàbá, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní, "Fi sílẹ̀, ọmọ mi." Mo wá fi han Bọ̀dá Délé, nítorí pé òun ló mọ ogun. Ó gbé e lé àtẹ́lẹwọ́ bí ẹni ń wọn iyọ̀.

"Lójú ogun, wọ́n máa ń ṣi èèyàn kà," ló wí.

"Báwo, Bọ̀dá mi?"

"Orúkọ tèmi náà wà nínú ìwé òkú rí, fún oṣù méjì. Mò ń jẹun, mò ń sùn, mo sì wà níbẹ̀." Ó dá lẹ́tà náà padà fún mi. "Ìgbà yẹn ni mi ò kọ̀wé sílé. Mo rò pé ta ló máa gbà á lọ́wọ́ mi?"

Láti ìgbà náà ni mi ò ti sùn dáadáa. Mísì Rúùtù fi káàdì Kérésìmesì kan ránṣẹ́ sí wa lọ́dún tó tẹ̀lé ìlọ rẹ̀. Àdírẹ́sì rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò dárúkọ Dáníẹ́lì rárá, ì báà jẹ́ bí alààyè tàbí bí òkú. Mi ò mọ̀ bóyá ó ṣì ń gbé ibẹ̀. Bí mo bá fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́, mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ pé mo jí i, pé gbogbo "kò sí" tí mo sọ, irọ́ ni, mo sì lè tún ṣí ọgbẹ́ tó ti jiná lára ẹni tó fẹ́ràn mi. Bí mo bá kọ́kọ́ já a kà, olè náà di ẹ̀ẹ̀mejì. Bí mo bá fi í sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ìkẹyìn ọkùnrin kan yóò wà nínú àpótí lọ́dọ̀ ẹni tí kò kọ ọ́ sí. Mo tún ń bẹ̀rù ohun kan tí mo mọ̀ pé kò yẹ kí ẹni tó kàwé bẹ̀rù: pé ìbéèrè kan wà nínú rẹ̀, pé ó ti ń retí èsì láti ọdún wọ̀nyí wá, àti pé bí mo bá ti kà á, èmi ló kàn láti dá a lóhùn.

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà jù mí lọ, ẹ̀yin tí ẹ ti pa lẹ́tà mọ́ rí, tàbí tí wọ́n ti pa tiyín mọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ẹ má tíì sọ ohun tí ẹ óò ṣe bí ẹ bá wà nípò mi. Ẹ kọ́kọ́ sọ fún mi bí ẹ bá wà nípò Mísì Rúùtù: ṣé ẹ óò fẹ́ kí lẹ́tà náà dé?